BÍ ỌLỌ́RUN ṢE Ń TỌ́ WA SỌ́NÀ

Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Kíláàsì Àwọn Àgbà

Ibi Kíkà: Òwe 3:5-8, Òwe 6:1-5, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16:6-15

Àkọ́sórí: Orin Dáfídì 119:105 (Kí olúkúlùkù kà á láti inú Bíbélì rẹ̀, kí ó sì kọ́ ọ sórí kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé.)

Ète Ẹ̀kọ́ Yìí: Kí a lè mọ̀ pé inú Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí a ń kà lójoojúmọ́, tí a sì ń gbọ́ràn sí, ni ìtọ́sọ́nà ti ń wá, àti kí a lè gbẹ́kẹ̀ lé Olúwa nígbà tí a kò bá tíì rí ìparí ọ̀nà.

Kíkà Bíbélì Lójoojúmọ́
Ọjọ́ Ajé: Orin Dáfídì 119:97-105
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Òwe 3:1-8
Ọjọ́rú: Òwe 6:1-5
Ọjọ́bọ̀: Gẹ́nẹ́sísì 43:1-10
Ọjọ́ Ẹtì: Fílémónì 8-21
Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Ìṣe 15:36 – 16:5
Ọjọ́ Olúwa: Ìṣe 16:6-15

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Bóyá ni a fi lè rí ẹnì kan nínú kíláàsì wa tí kò ní ọ̀ràn kan tí ó ń rò lọ́wọ́. Ọmọ ẹnì kan parí ẹ̀kọ́, kò sì mọ iṣẹ́ tí yóò dáwọ́ lé. Wọ́n fẹ́ gbé ẹlòmíràn lọ sí ìlú mìíràn níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ arúgbó wà nílé tí kò ní olùtọ́jú. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń gbàdúrà lórí ọkùnrin tí ó ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Ìyá kan ń rò ó bóyá kí òun yá owó kún òwò òun lọ́jà. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: Kí ni Ọlọ́run fẹ́ kí n ṣe?

Ní ayé àtijọ́, bí ọ̀ràn bá ta kókó, àwọn baba wa a mú eéjì kún ẹẹ́ta, wọn a tọ babaláwo lọ. Àwa ti fi ọ̀nà náà sílẹ̀ láti tẹ̀lé Kristi. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa léèrè bóyá kì í ṣe irú ọkàn náà ni a tún fi ń ṣí Bíbélì. Bí a bá ń di ojú, tí a ń ṣí Bíbélì síbi tí ó bá ṣí sí, tí a sì ń fi ìka lé ẹsẹ kan láti fi mọ ohun tí a ó ṣe, a ti sọ Bíbélì di ọ̀pẹ̀lẹ̀. Babaláwo pàápàá kì í dá Ifá fún ènìyàn láìjẹ́ pé ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu kíkọ́ ọ. Àwa onígbàgbọ́ ni a fẹ́ gbọ́ ìdáhùn láti inú ìwé tí a kò kà.

Ẹ̀kọ́ tòní yóò fi hàn wá bí Ọlọ́run ṣe ń tọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ́nà ní tòótọ́.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

1. Fìtílà ni Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run (Orin Dáfídì 119:105)

Onísáàmù fi Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wé fìtílà, ó sì dárúkọ ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá ti tẹ̀lé àwọn òbí rẹ̀ lọ sóko ní ìdájí rí, yóò mọ bí fìtílà ti ń ṣiṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í dé òdìkejì odò, kì í sì í dé oko tí a ń lọ. Gbòǹgbò tí ó wà níwájú ẹsẹ̀ ni ó ń fi hàn, àti kòtò, àti ejò bí ó bá wà lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ìmọ́lẹ̀ náà a bá wa sún síwájú. Ẹni tí ó bá ní òun kò ní gbéra àfi bí òun bá rí oko láti ẹnu ọ̀nà ilé, kò ní kúrò nílé rárá.

Báyìí ni Ọlọ́run ṣe ń tọ́ wa. Púpọ̀ nínú ohun tí à ń béèrè ni ó ti dáhùn kedere nínú Bíbélì. A kò nílò àlá kí a tó mọ̀ pé kí ọkọ fẹ́ràn aya rẹ̀, kí òǹtajà má lo òṣùwọ̀n èké, kí ẹni tí ó gba alágbàṣe má fi owó ọ̀yà rẹ̀ falẹ̀. Jésù kọ́ni nínú Jòhánù 7:17 pé ẹni tí ó bá ti múra tán láti ṣe ìfẹ́ Ọlọ́run ni ẹ̀kọ́ náà yóò yé. Bí a kò bá tíì ṣe èyí tí a mọ̀, kí ni a ó fi èyí tí a kò mọ̀ ṣe?

2. Ìrírí Kan Lórí Ọ̀rọ̀ Onígbọ̀wọ́ (Òwe 6:1-5)

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá láti inú ìgbé ayé èmi fúnra mi, bí kò tilẹ̀ dùn ún sọ. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí mo jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tíṣà wá bá mi pé kí n ṣe onígbọ̀wọ́ òun, kí òun lè yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwa méjèèjì wà. Owó náà ju gbogbo ohun tí èmi ní nínú ẹgbẹ́ náà lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyàwó mi bi mí: "Ṣé ẹ ti bi wọ́n léèrè ibi tí wọn yóò ti máa rí owó náà san?" Mo ní kí ó má ṣe ìyọnu, pé èmi yóò béèrè lọ́wọ́ Olúwa.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo kúnlẹ̀, mo di ojú, mo ṣí Bíbélì, mo sì fi ìka lé e. Ìka mi bọ́ sí Deuterónómì orí 15, níbi tí Mósè ti pàṣẹ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé kí wọ́n lawọ́ sí arákùnrin wọn tí ó jẹ́ aláìní, kí wọ́n sì wín in ní ohun tí ó nílò. Mo fi ìdùnnú dìde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fọwọ́ sí ìwé.

Kò pé oṣù mẹ́rin tí ọ̀rẹ́ mi fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí ó sì kúrò nílùú. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ni wọ́n fi ń yọ gbèsè náà nínú owó oṣù mi. Ó di pé kí a máa yá owó kí a tó lè san owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Mo bínú sí ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, Ọlọ́run gan-an ni mo bínú sí jù. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé, Ṣé kì í ṣe Ìwọ ni o fi ẹsẹ náà hàn mí ni?

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, nínú irú kíláàsì yìí, à ń ka Ìwé Òwe ní orí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a dé orí kẹfà, olùkọ́ wa ní kí n ka ẹsẹ kìn-ín-ní dé ìkarùn-ún sókè. Ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́. Ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ ni ó wà níbẹ̀, láìfi bò rárá: kí ẹni tí ó ti ti ọrùn bọ̀ ọ́ má tilẹ̀ sùn, kí ó yára lọ bẹ̀bẹ̀ kí a tú òun sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ń wá kiri ti wà nínú Bíbélì tí mo dì mú ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọlọ́run kò dákẹ́. Èmi ni n kò kàwé. Ó tún fi ìbéèrè tí ó tọ́ sí ẹnu aya mi, n kò sì kà á sí.

Kí a má ṣi ẹ̀kọ́ yìí gbọ́ o. Bíbélì kò ní kí a má ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Júdà ṣe onígbọ̀wọ́ Bẹ́ńjámínì níwájú baba wọn (Gẹ́nẹ́sísì 43:8-9). Nígbà tí ọ̀ràn sì dójú ẹ̀, ó ní kí a fi òun ṣe ẹrú dípò ọmọdékùnrin náà (44:33). Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Fílémónì pé kí ó ka gbèsè Ónésímù sí òun lọ́rùn (Fílémónì 18-19). Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n sì múra tán láti san án. Èmi kò mọ̀, n kò sì múra. Deuterónómì 15 kò tàn mí jẹ. Ó ní kí n wín arákùnrin mi nínú ohun tí mo ní. Kò ní kí n fi orúkọ mi dúró fún owó tí n kò ní. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa ka Ìwé Mímọ́ ní odindi, kí apá kan lè tan ìmọ́lẹ̀ sí apá kejì.

3. Nígbà tí Ìlẹ̀kùn bá Tì (Ìṣe 16:6-10)

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀ràn kan wà tí a kò dárúkọ nínú Bíbélì. Kò sí ẹsẹ tí ó sọ ìlú tí ìwọ yóò gbé tàbí orúkọ ẹni tí ìwọ yóò fẹ́. Kí ni a ó ṣe nígbà náà? Ẹ jẹ́ kí a wo Pọ́ọ̀lù. Ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn Bíbélì yín bí ó bá wà níbẹ̀, kí ẹ fi ìka tọ ọ̀nà rẹ̀.

Pọ́ọ̀lù, Sílà àti Tímótì ti la ilẹ̀ Frígíà àti Gálátíà kọjá. Wọ́n fẹ́ wàásù ní Ásíà. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ tí à ń pè ní Ásíà lónìí ni a ń sọ níhìn-ín, bí kò ṣe ìgbèríko kan lábẹ́ ìjọba Róòmù, níbi tí ìlú Éfésù wà. Ẹ̀mí Mímọ́ kò gbà fún wọn. Wọ́n yíjú sí àríwá, wọ́n fẹ́ lọ sí Bítíníà. Ibẹ̀ náà kò ṣeé ṣe. Wọ́n wá sọ̀kalẹ̀ dé Tíróásì ní etí òkun. A kò kà á pé Ọlọ́run sọ ìdí fún wọn. Ibi tí wọ́n ti rí omi níwájú, tí ọ̀nà ilẹ̀ sì ti parí, ni Pọ́ọ̀lù ti rí ìran ọkùnrin ará Makedóníà tí ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá ran àwọn lọ́wọ́.

Ẹ kíyè sí ohun mẹ́ta. Èkíní, ẹnu iṣẹ́ ni ìlẹ̀kùn ti tì mọ́ wọn, kì í ṣe ẹnu ìjókòó. Àṣẹ Jésù pé kí a lọ wàásù ti wà lọ́wọ́ wọn. Èyí tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń ṣe nígbà tí Ọlọ́run fi èyí tí wọn kò mọ̀ hàn wọ́n.

Èkejì, Pọ́ọ̀lù nìkan ni ó rí ìran, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ó pinnu. Ẹ ka ẹsẹ kẹwàá dáadáa, ẹ ó rí i pé "a" ni Lúùkù lò níbẹ̀. Wọ́n jọ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n sì fẹnu kò. Àwọn àgbà wa ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí àpọ́sítélì bá lè gbé ìran rẹ̀ síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ni ó dé tí èmi àti ìwọ yóò fi máa sọ pé, "Olúwa ti sọ fún mi," kí ẹnikẹ́ni má baà lè bi wá ní ìbéèrè?

Ẹ̀kẹta, bí Ọlọ́run bá ti ìlẹ̀kùn kan lónìí, kò sọ pé títí láé ni. Nígbà tí ó yá, Pọ́ọ̀lù lo ọdún méjì ní Éfésù, tí gbogbo àwọn tí ń gbé Ásíà fi gbọ́ ọ̀rọ̀ Olúwa (Ìṣe 19:10). Bítíníà ńkọ́? Nígbà tí Pétérù ń kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn onígbàgbọ́ ti wà níbẹ̀ tí ó ń kí (1 Pétérù 1:1). Ọlọ́run kò gbàgbé wọn. Kò tíì yá ni ó sọ. Àwa ni a máa ń gbọ́ ọ bí ẹni pé ó ní rárá.

4. Àpẹẹrẹ Láti Inú Ìtàn Wa

Irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Onítẹ̀bọmi ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1850 ni T. J. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Hervey Goodale tí wọ́n jọ gbéra láti Amẹ́ríkà ti kú ní Làìbéríà lọ́nà. Ìgbòho ni Bowen ní lọ́kàn láti lọ, ṣùgbọ́n ogun dí ọ̀nà. Ó di dandan kí ó dúró ní Abẹ́òkúta fún nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀. Bí ó ti ń dúró de ọ̀nà, ó ń kọ́ èdè Yorùbá. Láti inú ẹ̀kọ́ yẹn ni ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ ti jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1858.

Ní 1853 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìjàyè. Ní 1855 ó lọ sí Ìlọrin. Wọn kò gbà á láyè láti fi ìdí iṣẹ́ múlẹ̀ níbẹ̀, ó sì yà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1856 àìlera mú un padà sí Amẹ́ríkà, kò sì tún padà sí ilẹ̀ Yorùbá mọ́. Ìjàyè gan-an fọ́ nínú ogun ní 1862.

Ẹni tí ó bá wo ìgbé ayé rẹ̀ ní ọdún náà lè sọ pé gbogbo ìlẹ̀kùn ni ó tì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó yà sí ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi wà lónìí, ibẹ̀ náà sì ni ilé ìwòsàn tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ wà. Yunifásítì tí Ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní Ìwó ní ọdún 2001, orúkọ Bowen ni ó ń jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò rí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tẹ̀ ni a fi hàn án, ó sì tẹ̀ ẹ́.

5. Ìgbẹ́kẹ̀lé Kọjá Ìrọ̀rùn (Òwe 3:5-8, Ìṣe 16:11-24)

Òwe 3:5-6 kọ́ wa pé kí a fi gbogbo ọkàn gbẹ́kẹ̀ lé Olúwa, kí a má sì fi ara ti òye ara wa. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a pa làákàyè tì. Ọlọ́run ni ó fún wa ní làákàyè. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí a má fi í ṣe ọ̀pá tí a ó fi gbogbo ara tẹ̀, nítorí ó lè dá.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé Fílípì, ọkùnrin ará Makedóníà kọ́ ni ó kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn obìnrin ni wọ́n bá létí odò ní ọjọ́ Ìsinmi, Olúwa sì ṣí ọkàn Lídíà, òǹtajà aṣọ àlùkò. Níbo ni Lídíà ti wá? Láti Tíátírà ni, ìlú kan ní Ásíà, ní ìgbèríko tí Ẹ̀mí kò jẹ́ kí wọ́n wọ̀! Ìsàlẹ̀ odò ní ilẹ̀ àjèjì ni Ọlọ́run ti fi ọmọ Ásíà pàdé wọn.

Kò pẹ́ sí i, wọ́n na Pọ́ọ̀lù àti Sílà ní pàṣán, wọ́n sì kan ààbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ṣìnà. Ọ̀nà tí Ọlọ́run là fún wọn ni ó gba inú túbú kọjá. Nítorí náà, bí ìwọ bá gbàdúrà, tí o ka Ọ̀rọ̀, tí o gba ìmọ̀ràn, tí ìṣòro sì dé lẹ́yìn ìpinnu rẹ, má yára sọ pé o kò gbọ́ Ọlọ́run dáadáa. Ìrọ̀rùn kọ́ ni a fi ń mọ ọ̀nà Olúwa. Bí ọ̀nà náà bá sì jẹ́ èyí tí ìwọ fúnra rẹ ṣì, bí èmi ti ṣì í, Olúwa kò tún fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù mẹ́rìnlá tí a fi ń san gbèsè yẹn, a kò sùn lébi ní ọjọ́ kan. Ibẹ̀ ni èmi àti aya mi ti kọ́ láti máa jókòó ka Bíbélì pọ̀ ní alaalẹ́, ìwé kan dé ìparí kí a tó mú òmíràn.

ÀMÚLÒ

Bí ọ̀ràn kan bá wà níwájú rẹ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ṣe báyìí:
(a) Béèrè bóyá Bíbélì ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ kedere. Bí ó bá ti sọ̀rọ̀, gbọ́ràn. Má tún wá àmì mìíràn.
(b) Ka odindi orí tí ẹsẹ náà wà, kì í ṣe ẹsẹ kan ṣoṣo.
(d) Gbé e síwájú ẹni méjì tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, tí wọ́n sì lè sọ òtítọ́ fún ọ. Bí o bá ní ọkọ tàbí aya, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.
(e) Ṣe iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ lónìí. Má jókòó de ìran.
(ẹ) Gbé ìgbésẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ dé, kí o sì fi èyí tí ó kù sílẹ̀ fún Olúwa.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín kíka Bíbélì àti fífi Bíbélì dá àbá ohun tí yóò ṣẹlẹ̀?
2. Báwo ni Júdà àti Pọ́ọ̀lù ṣe yàtọ̀ sí onígbọ̀wọ́ tí Òwe 6 ń kìlọ̀ fún?
3. Kí ni ìdí tí "a" tí ó wà nínú Ìṣe 16:10 fi ṣe pàtàkì?
4. Ǹjẹ́ ìlẹ̀kùn kan wà tí ó tì mọ́ ọ rí, tí o sì ti wá mọ ìdí rẹ̀? Ǹjẹ́ ọ̀kan wà tí o kò tíì mọ ìdí rẹ̀ títí di òní?

Fún Olùkọ́: Má ṣe yára kọjá ìbéèrè kẹrin. Bí ẹnì kan bá sọ ohun tí ó ṣì ń dùn ún, ẹ má ṣe wá àlàyé fún un. Ẹ gbàdúrà fún un.

ÀDÚRÀ ÌPARÍ

Olúwa, dárí jì wá tí a fi ń wá ohùn rẹ níbi gbogbo nígbà tí Ọ̀rọ̀ rẹ wà lórí tábìlì nínú ilé wa. Fún wa ní ọkàn tí ń kà á àti ẹsẹ̀ tí ń gbọ́ràn. Níbi tí ìlẹ̀kùn ti tì mọ́ wa, fún wa ní sùúrù. Níbi tí a ti ṣìnà, mú wa padà. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.